Ta Ni Ìwọ Tí O Ń Bi Mí Pé Ta Ni Mí?

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ẹnì kan sì kan ilẹ̀kùn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni baálé máa ń bi í láti inú yàrá: "Ta nì yẹn?" Bí ẹni tí ń bẹ lóde bá dáhùn pé, "Èmi ni," kò tí ì sọ nǹkan kan, nítorí kò sí ẹ̀dá alààyè tí kì í ṣe "èmi" lẹ́nu ara rẹ̀. Olè ni "èmi". Àlejò ni "èmi". Ọmọ ilé tí ó pẹ́ níbi iṣẹ́ náà ni "èmi". Ìdí nìyí tí baálé kì í fi í ṣí ilẹ̀kùn títí onítọ̀hún yóò fi dárúkọ ara rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí orúkọ náà. Èyí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni a kì í sábàá rò. Ẹni tí ń bẹ lóde ńkọ́? Ta ni ó sọ fún un pé onílé ni ó dá a lóhùn láti inú yàrá? Bí àwọn ìgárá ọlọ́ṣà bá ti wọ ilé náà ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Àlejò pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí òun fẹ́ fi ara òun lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ létí tèmi. Ní àdúgbò wa ní Òkè-Àfá, ní ìhà Ìsọlọ̀ ní ìlú Èkó, ìyá àgbàlagbà kan wà tí ń ta ata àti tòmátì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin kan ni ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà. Báńkì yín ni mo ti ń pè yín." Ọkùnrin náà mọ orúkọ ìyá, ó mọ orúkọ báńkì rẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ ti àpò owó rẹ̀ pa bí kò bá tètè dáhùn àwọn ìbéèrè kan. Ní ìkẹyìn ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín yẹn." Ìyá wa kà á. Kí oòrùn tó dé àtàrí, owó tí ó fẹ́ fi ra ọjà Mílé Méjìlá ti fò lọ bí ẹyẹ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi pe èmi náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni. Ó ní láti báńkì mi ni, ó sì ní kí n sọ ọjọ́ ìbí mi àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi kí òun lè mọ̀ dájú pé èmi gan-an ni. Ọ̀ràn Ìyá Aláta kò tí ì kúrò lọ́kàn mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ta ni? Kí ni ẹ̀rí pé báńkì ni ẹ ti ń pè?" Inú bí i. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn, kì í ṣe ẹ̀yin." Mo gé ìpè náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ ni ó sọ. Báńkì náà ti àpò owó mi pa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, inú ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí ni ọjọ́ tí ó yẹ kí n san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi sì bọ́ sí.

Ìyá Aláta gbàgbọ́, ó pàdánù. Èmi kọ̀ láti gbàgbọ́, èmi náà pàdánù. Bí ẹni tí ó gbàgbọ́ àti ẹni tí kò gbàgbọ́ bá jọ jẹ gbèsè kan náà, a jẹ́ pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ètò tí a là sílẹ̀ fún wọn ni kò dúró dáadáa, nítorí ojú kan ṣoṣo ni ó ní: ó ń wo oníbàárà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí oníbàárà wo òun padà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó bá ìwà ọmọlúàbí mu kí ẹnì kan máa béèrè ẹ̀rí ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò fi tirẹ̀ hàn? Èrò tèmi ni pé kò bá a mu. Mo tilẹ̀ gbà pé ẹni tí ó ń béèrè ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn, pàápàá bí agbára rẹ̀ bá ju ti ẹni tí ó ń bi lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe rí láàrin wa. Ní ọdún 2007 ni a ṣe òfin tí ó dá àjọ tí ń ṣètò ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, NIMC, sílẹ̀. Ní ọdún 2014, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà, ìyẹn BVN, kalẹ̀, a sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti tẹ ìka àti láti ya àwòrán ojú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà ọmọ orílẹ̀-èdè, NIN, mọ́ gbogbo nọ́ńbà fóònù. Láti ọdún 2021, ẹni tí kò bá ní NIN kò lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò mọ èyí jù mí lọ: ìka yín ni ẹ fi ń wọ gbọ̀ngàn, àwòrán yín ni a sì ń wò kí ẹ tó jókòó.

N kò sọ pé gbogbo èyí burú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ìdánwò ní orúkọ òun yóò fẹ́ kí a mọ òun yàtọ̀. Gbogbo aláǹgbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìgbà tí a bá dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ ni a tó lè ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti ọ̀dọ̀ ẹni kékeré lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni ńlá ni gbogbo ẹ̀rí yìí ń ṣàn, bí omi tí ń lọ sí ìsàlẹ̀. A ti fi ìka, ojú, ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá wa sílẹ̀. Bí àwọn tí a fi í fún bá wá pè wá lórí fóònù, "Èmi ni" ni ìdáhùn tiwọn.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe é báyìí. Nígbà tí agbára Aláàfin Ọ̀yọ́ kalẹ̀, àwọn ìlàrí ni ó ń rán níṣẹ́. A kì í ṣi ìlàrí mọ̀, nítorí ìlàjì orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fá, tí wọn yóò sì fi ìlàjì yòókù sílẹ̀; orúkọ oyè rẹ̀ pàápàá sì ní ìtumọ̀ tí ó bá àṣẹ ọba mu. Ẹ wò ó dáadáa: ọba tí ó lè pàṣẹ kí orí kúrò lọ́rùn kò sọ pé, "Ta ni kò mọ̀ mí?" Ó rí i dájú pé ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì gbé e sí ibi tí gbogbo ojú yóò ti rí i kí ó tó la ẹnu. Nínú òye tèmi, àṣẹ tí kò bá lè fi orísun rẹ̀ hàn, ìhàlẹ̀ ni.

Bákan náà ni àrokò. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ "fà" ni ó wà nínú rẹ̀: ọkàn mi fà mọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ "jọ" ni: a jọra, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí kò bá mọ àdéhùn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò rí owó ẹyọ lásán. Nípa báyìí, àrokò ń dán olùgbà wò bí ó ti ń jẹ́rìí fún olùránṣẹ́. Ẹ tún wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ògbóni, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó na ọwọ́ ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó gbà á lọ́nà tí ó yẹ ti dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí ó dúró bí adájọ́ tí ẹnì kejì sì dúró bí ẹlẹ́jọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ti rí ibi tí a ti fi ìlànà àtijọ́ yìí ṣe òfin tí ẹ̀rọ ń pa mọ́. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò le tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1976, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà méjì, Whitfield Diffie àti Martin Hellman, tẹ èrò kan jáde tí ó yí ọ̀rọ̀ àṣírí padà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó jẹ́ ìbejì: ọ̀kan tí yóò fi han gbogbo ayé, àti ọ̀kan tí kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Ohun tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ gbangba lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó ni ín gan-an ni ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù: báwo ni a ṣe mọ ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ gbangba kan? Ní ọdún 1978, Loren Kohnfelder, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, dá a lábàá pé kí a máa kọ orúkọ ẹni pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé-ẹ̀rí, kí ẹnì kan tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé sì fọwọ́ sí i. Àwa Yorùbá ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé: onígbọ̀wọ́ ni. Ní ọdún 1988 ni a fi ìdí bí ìwé-ẹ̀rí náà yóò ṣe rí múlẹ̀ fún gbogbo ayé, tí a sì pè é ní X.509. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Netscape gbé ìlànà SSL jáde kí a lè máa fi irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1999 ìlànà yìí di TLS, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní.

Nígbà tí a bá ṣí ojú ìwé báńkì wa lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde, fóònù wa ń bi kọ̀ǹpútà báńkì pé, "Ta ni ọ́?" Kọ̀ǹpútà báńkì yóò mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ fọwọ́ sí ohun tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ sọ, kí a má baà rò pé ìwé ẹlòmíràn ni ó gbé wá. Ìgbà tí èyí bá yọrí ni a tó mọ̀ pé báńkì náà ni. Lẹ́yìn èyí ni báńkì yóò wá béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wa.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rí méjèèjì. Báńkì kò fún wa ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀. Ó kàn fi hàn pé òun ni ó wà lọ́wọ́ òun ni. Àwa, ní tiwa, fi àṣírí wa lé báńkì lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gba àṣírí rẹ lónìí lè di ìwọ lọ́la. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú Ìyá Aláta: nọ́ńbà tí ó kà sétí ọkùnrin yẹn, àṣírí náà gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ní àṣírí.

Ọ̀nà kan wà tí ó yàtọ̀ sí èyí. Nínú rẹ̀, oníbàárà náà ní ìwé-ẹ̀rí àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí tirẹ̀. Báńkì yóò fi ara rẹ̀ hàn, yóò sì sọ pé, "Ìwọ náà, fi ara rẹ hàn mí." Fóònù oníbàárà yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rí báńkì wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò mú ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ jáde, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ìjíròrò náà, láìjẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ kúrò nílé. Bí ayédèrú báńkì bá tilẹ̀ tan oníbàárà débẹ̀, ìfọwọ́sí tí ó gbà kò wúlò fún un ní ibòmíràn, nítorí ìjíròrò kan ṣoṣo náà ni ó so mọ́. Ìdánimọ̀ oníhà-méjì nìyí: ẹni méjì dúró lójúkojú, olúkúlùkù sì mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó fà mí lọ́kàn mọ́ra. Nínú ìlànà ti àtijọ́, gbangba ni ìwé-ẹ̀rí oníbàárà máa ń gbà kọjá nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé, débi pé ẹni tí ó lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà lè ka orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a tún ìlànà náà ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, tí a pè é ní TLS 1.3, a gbé ìwé-ẹ̀rí sábẹ́ aṣọ. Ẹni tí ó ń béèrè yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tí a ń bi yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà náà ni yóò tó dárúkọ ara rẹ̀, nínú yàrá tí ẹnì kẹta kò lè yọjú sí. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìtìjú ni a kọ́ ní ìtìjú báyìí. Bí a bá lè kọ́ irin ní ẹ̀kọ́ ilé, kí ni ó dé tí a kò lè fi kọ́ ẹni tí ń pe oníbàárà lórí fóònù?

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo gbé ìlànà yìí ga bí òrìṣà. Àtakò mẹ́ta ni mo mọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èkíní ni ti ẹrù. Ẹni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Fóònù ń sọnù, fóònù ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì ní èyí tí ó dára. Bí a bá sọ pé kí Ìyá Aláta máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ìwé-ẹ̀rí sínú fóònù rẹ̀, ẹrù ọ̀mọ̀wé ni a gbé rù ú. Ìdí pàtàkì nìyí tí ìlànà náà kò fi gbilẹ̀ láàrin àwọn mẹ̀kúnnù, tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan àti ti ilé-iṣẹ́ kejì ni ó ń lò ó jù. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, Estonia. Láti ọdún 2002 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ará ìlú ní káàdì tí kọ́kọ́rọ́ àti ìwé-ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, a rí àbùkù kan nínú bí a ṣe ṣe kọ́kọ́rọ́ káàdì tí ó lé ní 700,000. Ìjọba kò sọ pé kí olúkúlùkù lọ wá ọgbọ́n dá. Wọ́n dá ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyẹn dúró ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n sì ṣètò bí a ó ṣe pààrọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹrù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọrùn rẹ̀ le ni ó yẹ kí ó rù ú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Èkejì ni ti onígbọ̀wọ́. Bí onígbọ̀wọ́ bá bàjẹ́ ńkọ́? Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 2011, àwọn ọ̀daràn wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ DigiNotar ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ tí ayé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ṣe ayédèrú ìwé-ẹ̀rí tí ó lé ní 500, ọ̀kan nínú wọn sì ní orúkọ Google lára. A lo èyí láti fi ṣọ́ àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Iran, tí wọ́n rò pé Google gan-an ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti wó. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ìdánimọ̀ kò pa iṣẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ́; ó kàn sún un sẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà níwájú wa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dúró fún un ni. Onígbọ̀wọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè bi léèrè.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ìwé-ẹ̀rí ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Kò sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Olè lè ní orúkọ tòótọ́. Apànìyàn lè ní NIN. Àwọn àgbà wa mọ èyí, nítorí wọn kò sọ pé orúkọ ni ẹwà. Ìwà ni wọ́n ní ó lẹ́wà. Nítorí náà, bí ìhà méjèèjì bá ti fi ara hàn tán, ìbẹ̀rẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Síbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. A kò lè dá ìwà lẹ́jọ́ bí a kò bá mọ oníwà. Ẹni tí kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò fi ibi tí a ó ti dá a lẹ́bi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ni jẹ kì í fi í fẹ́ kí a mọ òun.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí a bá wá ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara wa, ṣé ìfẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé kò ti tán láyé nìyẹn?" Ní Òkè-Àfá, a ní ìdí láti ronú lórí èyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002, ibi tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù. Ọ̀pọ̀ rò pé ogun ni ó dé. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn, tọmọdé tàgbà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì kó sínú odò tí ó wà ní Òkè-Àfá; àwọn tí ó kú lápapọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ibi tí a sin wọ́n sí wà ní àdúgbò wa títí di òní, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí dárúkọ sì wà nínú wọn. Ohun méjì ni ibojì yẹn kọ́ mi. Ó kọ́ mi pé ọjọ́ ìpayà kì í ṣe ọjọ́ tí a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohùn tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣáájú ni a ti ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó sì kọ́ mi pé kí a mọ ènìyàn ní orúkọ kì í ṣe ìfura nìkan. Iyì ni pẹ̀lú. Ẹni tí a bá dá mọ̀, ẹni tí a kà sí ni. Nítorí náà, nígbà tí mo bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, tí mo sì sọ fún ọ pé ta ni mí, n kò bú ọ. Mo kà ọ́ sí ẹgbẹ́ mi.

Ìbúni wà nínú ti ìhà kan ṣoṣo. Ní ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ gbé ètò kan jáde, ó sì tẹ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2023, nípa bí àwọn báńkì yóò ṣe lè fi àkọsílẹ̀ oníbàárà tí ó bá fọwọ́ sí i ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà kí èkejì wọlé pẹ̀lú "Èmi ni" lásán. Ẹni ńlá ń fi ara rẹ̀ han ẹni ńlá. Kí ni ó dé tí ìwà ọmọlúàbí náà fi ń tán nígbà tí ó bá kan ẹni tí ń ta ata? Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ara-Ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 pàápàá sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá ń gba ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ ẹni tí òun jẹ́. Òfin ti bá àṣà wa pàdé. Ìṣe ni ó kù kí ó bá wọn.

Kí ìyẹn tó dé, ohun kan wà tí agbára wa ká. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín tí ó ní báńkì ni òun, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe dá a lóhùn. Ẹ gé ìpè náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ wo ẹ̀yìn káàdì báńkì yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pe nọ́ńbà tí a kọ síbẹ̀. Nípa báyìí, ẹ̀yin ni ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí ẹ mọ̀, ẹ kò sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ohun tí mo kọ́ Ìyá Aláta nìyẹn. Ó ti pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, òtítọ́ ni báńkì ń wá a. Kò pàdánù kọ́bọ̀, wọn kò sì ti àpò owó rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí àgbà bá bi wọ́n ní orúkọ, kí wọ́n dáhùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: bí àjèjì bá bi wọ́n, kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tán, kí wọ́n sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n sọ pé ó ń bi mí?" Kì í ṣe àfojúdi. Àgbà tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní bínú láti sọ orúkọ rẹ̀.